Ìwé-Ẹ̀rí Kì Í Dín Ọjọ́ Orí Kù

“Olùdámọ̀ràn wa, ẹni ọdún 48 ni mí. Ọdún 19 ni mo fi ṣọ́ sítọ̀ kí ilé-iṣẹ́ wa tó kógbá sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò ní láàárín ọ̀sẹ̀ 6, àwọn á fún mi ní ìwé-ẹ̀rí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi ní kí n lọ kọ́ Excel. Èwo ni kí n mú? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.”

Ìyá Ìbejì wa, àbúrò yín fẹ́ràn yín. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ 6 kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé, wọn kì í sùn, data wọn kì í sì í tán. CISSP, ìwé-ẹ̀rí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń bọ̀wọ̀ fún nídìí iṣẹ́ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ ló ń béèrè. Ìwé ẹ̀kọ́ gíga lè gé ọdún 1 kúrò níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. PMP, ti àwọn tó ń darí iṣẹ́ àkànṣe, ń béèrè ìrírí oṣù 36 lọ́wọ́ ẹni tó ní dìgírì. Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn tó ni òǹtẹ̀ gan-an ló ń sọ pé àwọn fẹ́ rí ìrírí kí àwọn tó lù ú. Ìrírí sì ni ohun tí ẹ ní tí ọmọ ọdún 22 kò lè rí yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá fẹ́ da ọdún 19 nù, kí ẹ lọ tò sẹ́yìn rẹ̀!

Ẹ mú Excel. Níbi ìdánwò Microsoft Office Specialist, iwájú Excel fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé èèyàn jókòó sí, wọn á ní kó ṣiṣẹ́; ẹnu dídùn kò wúlò níbẹ̀. Ká ní àpò sìmẹ́ńtì 400 wọlé, 385 jáde, 9 ló kù nílẹ̀. Excel á sọ fún ọmọdé pé àpò 6 ti rìn. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé ó yẹ ká béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, àti ohun tí dírẹ́bà ń wá tó fi gbé lọ́rì gba ẹ̀yìnkùlé. Bó bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọjá sí Power BI, irinṣẹ́ Microsoft tó ń sọ nọ́ńbà di àwòrán. Ọdún 1 ni ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ń lò, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun lórí Microsoft Learn.

Àwọn kan á ní Excel ti di ti gbogbo ayé. Lórí CV ni! Ẹ ní kí wọ́n yọ gbèsè oníbàárà 200 jáde lójú yín, ẹ ó rí bí òùngbẹ ṣe máa gbẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gbòde náà kì í pẹ́: Microsoft ti pa ìwé-ẹ̀rí wọn tó ń jẹ́ MCSE tì láti January 2021, bí àwọn èèyàn ṣe fi yangàn tó; CCNA, ìwé-ẹ̀rí Cisco lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọdún 3 ló ń lò. Ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà kò dà bíi ti ìgbéyàwó, òun máa ń sọ ọjọ́ tí yóò parí fúnni.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni ti ọjọ́ orí. Ìpolówó iṣẹ́ tí kò fẹ́ ẹni tó ju ọdún 30 lọ pọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tó ń wo àìsàn yẹn, àfi tí ẹ bá fẹ́ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù bí agbábọ́ọ̀lù, kí ìbejì yín wá di ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ fi àwọn tó ń polówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tí ọjà ń jò lọ́wọ́ wọn: ilé ìtajà òògùn, oníṣòwò ohun ìkọ́lé. Ẹni tí wọ́n ń jí òògùn rẹ̀ kó kò ní béèrè ọdún tí wọ́n bí yín. Ewú orí yín gan-an ló fẹ́ rí, torí àwọn ọmọ tó ń bá a tajà kì í bẹ̀rù ojúgbà wọn.

Ní ti ọ̀gá ọlọ́sẹ̀ 6, ẹ má bá a jà. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í pé ta ló ń ṣètò ìdánwò, ta ló ń máàkì í, níbo ni agbanisíṣẹ́ ti lè yẹ nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí náà wò. Bó bá ní òun lòun ń ṣe gbogbo ẹ̀, tí ẹ sì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní kó kúkú bá yín kọ “Ọ̀jọ̀gbọ́n” síwájú orúkọ yín. Ṣebí tàdáwà kan náà ló máa ná an.