Yógọ́ọ̀tì Kíki, Owó Ṣíṣàn

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń pariwo pé kò sóhun tó rọrùn tó kéèyàn ṣe yógọ́ọ̀tì kíki nílé. Ilé ta ni wọ́n ń wí? Ní Molútẹ̀hìn níbí, orí omi là ń gbé, omi inú ọ̀rá là ń rà mu. Iyọ̀ òkun ti ba ìyókù jẹ́, àfi tí òjò bá ṣàánú wa.

Àbúrò ìyàwó mi pè láti Àkúrẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra mílíìkì tútù lọ́wọ́ Fúlàní.” Màlúù wo ló fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí? Tó bá gun afárá pákó wa, òun àti afárá ni yóò jọ bọ́ sódò.

Ó di mílíìkì lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n ní kó lè ki, kí n tún bu lẹ́búlẹ́bú kún un. Wọn ò dárúkọ owó. Kí n gbé e kaná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n po yógọ́ọ̀tì díẹ̀ mọ́ ọn, torí kòkòrò tín-ín-tín tó wà láàyè nínú rẹ̀ ló ń mú mílíìkì kan. Mo ra yógọ́ọ̀tì oníke kan ní Igbókòdá. Àṣé wọ́n ti sè é lẹ́yìn tó kan, kó lè pẹ́ lórí igbá. Gbogbo kòkòrò ti kú. Ilẹ̀ mọ́, mílíìkì ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Nígbà tí mo rí èyí tó yè, ó tún fẹ́ ooru fún wákàtí 6 sí 8. Mo gbé ìkòkò sínú kúlà ẹja pẹ̀lú omi gbígbóná, mo dé e pa. Ó dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn ṣáwá ti wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò: “Olówó orí mi, ẹ kúkú fi ata sí i, ká fi jẹ púpurú.”

Sísẹ́ ló wá pa mí. Àwọ̀n kún ilé, ojú rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sùtánà òun. Àjákù aṣọ funfun ni mo sè, ni mo fi gbé e kọ́. Tó, tó, tó! Mílíìkì tí mo rà, omi tí mo rà, bí ìdajì rẹ̀ ló ń ro sínú abọ́ lójú mi kòrókòró. Èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní kíki.

Ó ku kó tutù. Yìnyín Igbókòdá ti di omi kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, iná ò sì sí. Ayétòrò, aládùúgbò wa tí àwọn Holy Apostles tẹ̀ dó ní 1947, ti ń tan iná tirẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Àwa ọmọ wọn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ yógọ́ọ̀tì.

Ẹni tó bá tún sọ pé ó rọrùn, kó gbé mílíìkì, omi, yìnyín àti iná tirẹ̀ wọkọ̀ máa bọ̀. Tèmi ni ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí. Kó yáa tètè o, òkun ti ń jẹ ibẹ̀ náà.