Ọmọ Ìbàdàn Lẹ́sẹ̀ Òkè Ìmẹ̀sí

Ẹni tí ó bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì márosẹ̀, tí àwọn awakọ̀ àjàgbé ń fun fèrè sí i nípàkọ́, tí àwọn ọlọ́kadà ń gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, tí èéfín sì ń wọ̀ ọ́ nímú láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kò sí bí kò ṣe ní gbàdúrà lọ́jọ́ kan pé kí Elédùmarè fi ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà han òun. Mo gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yangí ni mo tọrọ, ọ̀nà oko tí ọ̀dà kò kàn rí, tí òkè yóò wà lápá ọ̀tún, tí igbó kòkó yóò wà lápá òsì, tí n ó sì máa lọ jẹ́jẹ́ láàrin wọn láìgbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kankan. Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà náà kọjá ibi tí mo fojú sí.

Ẹsẹ̀ àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo yàn, nítorí pé mo fẹ́ràn ìtàn, ìtàn sì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká kúrò níbẹ̀ títí di 1893: Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì sì ń wo àwọn méjèèjì. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun wa, kú sí ibùdó náà ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́. Lódì kejì ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé agbógungbórò, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wà pẹ̀lú Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí, àwọn ọmọ ilé wọn tó wà ní Èkó sì ń fi ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wọn, nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì ń gún ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà. Èmi ọmọ Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé wá rò ó pé ó ti tó àkókò kí ẹnì kan nínú wa la ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, àwa ni a ó gbé ohun èlò òkèèrè dání.

Ohun èlò náà ni kẹ̀kẹ́ tí ọmọ àbúrò mi gbé ti Amẹ́ríkà bọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ká kọrọdọ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún ọ̀nà olókùúta. Kí ọmọ náà tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa afẹ́fẹ́, nípa bíréèkì, àti nípa irin kékeré onídẹ kan tí ó wà nínú àpò abẹ́ ìjókòó. Mo ń mi orí sí i, mo ń wo ojú ọ̀run. Raleigh ni mo gùn dàgbà, kí wọ́n tó bí i. Bí wọ́n sì ti ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, tèmi ni pé àgbà nìkan gbọ́n tó lọ́jọ́ náà.

Lóru ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kí n lọ, mo fi pọ́ǹpù ńlá ọmọ náà fún táyà méjèèjì títí wọ́n fi ń dún kókó nígbà tí mo fi èékánná kàn wọ́n, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo gun yangí kọjá ẹ̀yìn Ìgbájọ ni ó tó yé mi pé táyà tí ó rọ̀ díẹ̀ a máa tẹ̀ bo òkúta mọ́lẹ̀, èyí tí ó le gbagidi a sì máa ta lórí rẹ̀ ni. Kò sí òkúta kan lójú ọ̀nà náà tí kò kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíni náà a sì gba ìdí wọlé, a gba egungun ẹ̀yìn gòkè, a wá fi inú eyín ṣe ibùsùn. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí ga, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í, mo sì ń sọ fún ara mi pé ojú ilẹ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ wò.

Ibi tí mo ti ń tì í ni ìyá arúgbó kan ti pàdé mi, ó ru igi ìdáná, kò sì mí hẹlẹ.

“Ọkọ mi, ṣé ìwọ ni ó yẹ kí nǹkan yìí gbé ni, àbí òun ni ó yẹ kí o máa gbé?”

“Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Òkè yìí ni ó ga díẹ̀.”

“Níbo lò ń lọ?”

“Ìmẹ̀sí-Ilé ni, màmá.”

“Ọmọ ibo ni ọ́?”

Mo wúkọ́. “Ọmọ Ìbàdàn ni mí.”

Ìyá náà gbé igi rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè rí àyè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní: “Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn bàbá yín fi wà níbí tàwọn ti ìbọn, wọn ò kọjá. Kẹ̀kẹ́ ni ìwọ wá gbé wá?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo dúpẹ́, mo bá a gbé igi rẹ̀ rù, mo ń bá tèmi lọ.

Ní orí òkè, mo sinmi, mo rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, àti Àlùfáà Charles Phillips, àwọn tí Gómìnà Moloney rán láti Èkó ní 1886 pẹ̀lú ìwé àdéhùn àlàáfíà, tí wọ́n ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì láàrin àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn pọ́n. N kò kà á níbì kankan pé ọ̀kan nínú wọn takìtì. Èmi ni ó kàn láti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lára kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi tọ́ wa, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń di táyà iwájú mú, òsì ni ó ń di ti ẹ̀yìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí mo ti ń já bọ̀ ní ìdagẹ̀rẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí mo ti ń kọrin pàápàá, mo rí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sí àárín ọ̀nà, mo sì fi ọgbọ́n àgbà fún bíréèkì òsì pọ̀. Táyà iwájú dúró. Èmi kò dúró. Mo gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, mo rí ọ̀run, mo rí ilẹ̀, mo sì bá ara mi láàrin oko kókò olóko, níbi tí ewé méjì tí ó fẹ̀ ti bò mí lójú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé mi wọlé, kùkùté kan sì gún táyà ẹ̀yìn rẹ̀.

Èyí kò tilẹ̀ bà mí lẹ́rù, nítorí mo mọ táyà lẹ̀. Mo yọ túùbù, mo ha á, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo lẹ̀ ẹ́ lẹ́wà. Ìgbà tí mo mú pọ́ǹpù tèmi, pọ́ǹpù àtijọ́ tí kò já mi kulẹ̀ rí, ni mo rí i pé ẹnu tí a ti ń fún túùbù náà lafẹ́fẹ́ tín-ín-rín ju ẹnu pọ́ǹpù lọ jìnnà. Wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ògbufọ̀ náà ni irin kékeré onídẹ. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àpò lóru àná, mo jù ú fún ọmọ-ọmọ mi kí ó fi ṣeré, kí mọ́ínmọ́ín lè rí àyè. Mọ́ínmọ́ín ọ̀hún sì nìyẹn, mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó kúrò ní Ìgbájọ. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi kò rí igbá rù, kẹ̀kẹ́ ni mo rù.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà! Mo rìn, mo dúró, mo fetí sílẹ̀. Àparò ń dún nínú igbó. Bí àjàgbé kan bá yọ nígbà náà, kí ó rú èéfín, kí ó fun fèrè sí mi nípàkọ́, n bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan ni ó gbà mí, ó ń ti oko bọ̀ lórí ọ̀kadà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀. “Bàbá, ẹ kú ewu o,” kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di kẹ̀kẹ́ mọ́ orí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fún mi mọ́ àárín òun àti ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ Ìmẹ̀sí-Ilé, tí táyà iwájú ń yí lókè orí mi.

Fọ́kanáísà ìlú náà wo ẹnu túùbù, ó mi orí. “Bàbá, irin kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi sí i.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni mo wí. “Mo ti rí i rí.”

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ: ọ̀nà náà dára, òkè náà sì tó wò. Ọmọ àbúrò mi ti gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wo inú àpò. Ẹni tí ó bá ní irin onídẹ bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó jọ̀wọ́ tà á fún mi kí ó tó wò ó.