Ìwé Ìsìnkú Màmá

Ẹni tó bá ń ka ìwé ètò ìsìnkú ní Dàda Estate, Òṣogbo, á rò pé ìyá kan náà là ń sin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kò sì sí èyí tó bínú rí.

Mò ń ka ti màmá Ìjẹ̀ṣà kan lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ní màmá kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ-ọmọ wọn tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. "Màmá tí wọ́n ń ka ẹran inú ìkòkò kí wọ́n tó sùn, tí wọ́n tún ń kà á bí wọ́n bá jí?"

Ọmọ òṣómàáló kúkú ni wọ́n. Àwọn bàbá wọn ló ń ru aṣọ káàkiri tà láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ta ni ìran bẹ́ẹ̀ máa fi ẹran sílẹ̀ fún láìkà? Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wọlé wọn tí kò jẹ iyán. Ìyẹn ò sí nínú ìwé. Oyè ẹgbẹ́ ìjọ ló gbàyè.

Bí àwọn ìwé ìsìnkú ṣe jọra tó, ìtàn Màmá HID Awólọ́wọ̀, ìyàwó Olóyè Awólọ́wọ̀, yàtọ̀ ní tirẹ̀: ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1915 ni wọ́n bí wọn, ọjọ́ kan náà ní 2015 ni wọ́n sin wọ́n sí Ìkẹ́nnẹ́. Èyí kò ṣeé dà kọ.

Oúnjẹ dé. Ọmọ-ọmọ yẹn fi ṣíbí tú abọ́ rẹ̀ wò. "Ẹran méjì! Ó dájú pé màmá ti lọ."