Ìkòkò Tó Jò àti Ìkòkò Tí Wọn Ò Fọ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o, gbogbo agbo ilé wa l'Ọ̀yọ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmàlà ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ṣojú mi kòró.

Ìyàwó wa tuntun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ro àmàlà fún àlejò. Ó bù ú ní gbígbóná sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó so ó. Kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rá ti rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ àmàlà bí ọmọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jà Akẹ̀sán. Ìyá Ẹlẹ́kọ agbo ilé wa figbe ta: "Irú ọ̀rá burúkú wo lo lọ rà yìí?" Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ìsọ̀ yín ni mo ti rà á." Àgbàlá pa lọ́lọ́.

Ẹ kúkú mọ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ yìí kan náà ló ṣe alárinà ìgbéyàwó ọ̀hún. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Tiwa ò yẹ̀ba. Oṣù kẹjọ rèé, kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí kì í ṣí wò.

Àlejò tí mo wí, àbúrò ìyàwó ni. LAUTECH ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà ló ń kọ́. Ó ru máńgòrò wá fún wa (ẹyọ kan péré ló kàn mí, mi ò wí nǹkan kan). Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rá náà ò burú. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kò jẹ́ kó gba ooru."

Ó ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́tílíìnì ni ìyá ọ̀rá. Wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa níhìn-ín náà, ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, ilé iṣẹ́ tí ìjọba kọ́, tó di ti Indorama ní 2006. Ẹ́tílíìnì kan ò lè dá di ọ̀rá. Àfi kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ẹ̀wọ̀n. Ta ni yóò so wọ́n pọ̀? Kátálíìsì. Alárinà ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀. Mo wo Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó wòkè.

Ní oṣù kẹta 1933, Gibson àti Fawcett, òṣìṣẹ́ ICI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gáàsì yìí mọ́ inú ìkòkò irin, wọ́n fún un pọ̀ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá, ooru 170 dígírì. Nǹkan funfun bí ìda ló kù nídìí ìkòkò. Wọn ò mọ ohun tó fà á. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ICI mìíràn tún un ṣe ní 1935, ìkòkò jò, wọ́n tún rọ ẹ́tílíìnì sí i, ọ́síjìn bíńtín sì bá a wọlé. Òun ló ń tanná ran gbogbo ọ̀rọ̀! Bó bá kéré jù, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ìkòkò lè bú gbàmù.

Ṣùgbọ́n ooru àti ìfúnpọ̀ líle yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n lọ tààrà. Ẹ̀ka á yọ níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún, bí igi ìdáná tí wọn ò rẹ́. Ẹ di irú igi bẹ́ẹ̀ nítìí kí ẹ wò ó, wọn ò ní wọnú ara wọn. Ọ̀rá àmàlà wa nìyẹn: ó múlọ́, ó sì ń yọ́ ní nǹkan bí 110 dígírì. Kó tó dé ibẹ̀ ló ti ń rọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Karl Ziegler, ará Jámánì, ní Mülheim. Ó ń wá ẹ̀wọ̀n tó gùn, àfi bí gáàsì ṣe ń so ní méjì-méjì, tó ń dúró. Wọ́n wádìí títí: nikẹ́lì tó kù sára ìkòkò látinú iṣẹ́ tí wọ́n ti fi í ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Ìkòkò tí wọn ò fọ̀ mọ́! Bó bá ṣe agbo ilé wa ni, ìjà ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ziegler ní bí irin kan bá lè dí iṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, bóyá òmíràn lè mú un yá. Wọ́n ń dán irin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi kan táíténíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ kẹ́míkà alumíníọ̀mù, ní 1953. Ẹ̀wọ̀n gùn gbọọrọ, ó lọ tààrà bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, láìsí ìfúnpọ̀ àrà ọ̀tọ̀. Lóde òní, nǹkan bí 80 sí 90 dígírì ti tó. Omi àmàlà gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ! Irú èyí ló ń di kẹ́ẹ̀gì, òun ni ọ̀rá tó máa ń pariwo wàràwàrà lọ́wọ́. Kì í yọ́ títí dé nǹkan bí 130.

Natta ní Milan gbé irú alárinà yẹn lọ bá gáàsì kejì, pùrópílíìnì, ní 1954. Ó mú kí gbogbo ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kọjú síbì kan náà, bí aláṣọ ẹbí níwájú ayàwòrán. Ó di àpò ìrẹsì àti abọ́ ike tó ń gba ọbẹ̀ gbígbóná. (Ọ̀yọ́ tó ni igbá fínfín, ẹ wo ohun tí a fi ń bu ọbẹ̀!) Bí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá kọjú síbi tó wù ú, bí oje igi ló máa ń rí. Ziegler àti Natta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Alárinà yìí lè bínú o. Omi bíńtín pa á. Afẹ́fẹ́ kan kẹ́míkà alumíníọ̀mù yẹn, ó gbiná. Bí ẹ̀wọ̀n bá sì fẹ́ gùn jù, háídírójìn ni wọ́n fi ń gé e kúrú.

Ìyá Ẹlẹ́kọ tẹ́tí títí, ó ní: "Tí wọ́n bá wá so pọ̀ tán, ṣé alárinà ọ̀hún á yẹ̀ba?"

"Rárá mà. Inú ike náà ló ń kù sí. Ó kéré débi pé wọn kì í yọ ọ́ mọ́."

Ẹ wá wo ẹ̀rín! "Ṣé ẹ gbọ́? Òyìnbó pàápàá ò lé alárinà."

Nígbà tó di alẹ́, mo rí ìkòkò àmàlà lẹ́bàá kànga, èérún gan mọ́ ọn lára. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti rí i ṣáájú mi. "Ìyàwó! Ta ló ni ìkòkò yìí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ dàárọ̀, mà. Nikẹ́lì ni mò ń wá."