Àgbàsìn Bàbá Bruno

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ní àdúgbò yín n'Ìjerò, á wà ní Àrámọkọ; bí ẹ bá sì gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ óò gbọ́ gbígbó ajá rẹ̀ kí ẹ tó rí òrùlé ilé rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni, tó kọ́lé sí ìparí ìlú, tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí orí fẹ́ǹsì po, tó sì gbé ajá òyìnbó kan sínú ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ tó ń kó bọ̀ wálé. Ó bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ọmọ kankan pè é mọ́. Bàbá Bruno ni. Bruno ni ajá. Òun fúnra rẹ̀ ló dá orúkọ náà sílẹ̀, nígbà tó máa ń tẹ mẹkáníìkì láago pé, "Bàbá Bruno ló ń sọ̀rọ̀ o." Àdúgbò ò bá a jiyàn.

Àwọn baba wa náà ń sọ ajá lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ajá tiwọn ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ẹni tí aládùúgbò ń yọ lẹ́nu á sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, á wá dúró lójúde nírọ̀lẹ́, á máa pe ajá náà kíkankíkan títí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi ti fèrèsé rẹ̀. Bruno kò bá ẹnikẹ́ni wí. Òwe kankan ò sí nínú orúkọ rẹ̀, àfi bí a bá ka iye tí wọ́n rà á sí òwe.

Láti oṣù kẹfà ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní Houston á pè: "Dádì, ẹ wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa." Ẹlòmíì tó bá gbọ́ irú ìpè yẹn, ọ̀rọ̀ físà ni kò ní jẹ́ kó sùn. Físà Bàbá Bruno wà nílẹ̀. "Ta ni màá wá fi Bruno tì báyìí?" lòun ń sọ kiri. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé ìdílé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, lójú olóòkú tó ń wá ẹni tó máa bá a gbé àga. Ohun tó ń fẹ́ ni kẹ́nì kan béèrè pé, "Ta ni Bruno?" Fọ́tò á wá jáde nínú fóònù.

Èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé káwọn jọ lọ. Ẹni tó ń bá a ṣètò ìrìnnà mú un jókòó, ó sì là á yé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni CDC, ilé-iṣẹ́ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti mú òfin ajá le sí i, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí dìgbòlugi ti le jù. Ajá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ níhìn-ín gbọ́dọ̀ ní àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ. Ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ààyè sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún un níbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò bó bá gúnlẹ̀. Bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò bá sí, ọjọ́ 28 ni yóò lò ní àhámọ́, owó alájá ni wọn yóò sì fi bọ́ ọ. Kì í ṣe ti owó ló bí Bàbá Bruno nínú. "Bruno? Dìgbòlugi? Ajá tó ń sùn sórí tímùtímù!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní London mú àbá tirẹ̀ wá. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ilé wà tí a ń gbé ajá sí bí a bá ń rìnrìn àjò, òfin ọdún 2018 sì ti sọ ọ́ ní England pé ẹni tó bá ń gbowó tọ́jú ajá oní-ajá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà l'Ékòó náà. Bàbá Bruno pe ọ̀kan níbẹ̀, ó béèrè iye tí wọ́n ń gbà lóru kan, ó sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́ta, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ọwọ́ gbájúẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀. "Kí wá ni ẹbí wà fún?"

Ìbéèrè yẹn lẹ fi ń dá a mọ̀. Àwọn tí a kì í sanwó fún, àwọn yẹn ni ẹbí lójú tirẹ̀.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tó wà n'Ìjerò, ó sì ń gbé nínú bọ́ìs-kọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kì í sì í lọ kí wọ́n má rán an létí. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ràn ajá. "Ìwọ tó ò ń kọ́ṣẹ́ ìlera," ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ fún un, "Bruno á là ẹ́ lójú." Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé, sà.

Alẹ́ tó ku ọ̀la kí Bàbá Bruno gbéra ni ìwé òfin jáde. Ojú ewé mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Bísíkíìtì ajá nìkan ni Bruno yóò máa jẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́, ife ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú àpò. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bà. Kò gbọdọ̀ jẹ egungun ẹja. Kò gbọdọ̀ jẹ iyán. Ní Èkìtì o, ní ìdí iṣu níbi, ẹnì kan tẹ̀wé pé iyán di èèwọ̀. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́. ("Ṣé kí n kúkú máa gbé e lọ Ìkógòsì ni?" lọmọ náà sọ, sínú.) Láti aago méjìlá ọ̀sán, fáànù gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí i lára, bí wọ́n bá mú iná lọ, kó tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n wáyà kò gbọdọ̀ ti ara jẹnẹrétọ̀ dé bọ́ìs-kọ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa bá a sọ, nítorí Bruno kò gbọ́ Yorùbá. Tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní títàn nírọ̀lẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má baà gbọgbẹ́. Lójú ewé kẹrin, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: kí ọ̀rẹ́ mi ará Oǹdó má wọlé títí n ó fi dé. Ọgbọ̀n ọdún ni òun àti ọ̀rẹ́ yìí fi jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nípa ẹran ajá tí wọ́n ń pè ní 404 ní bùkátéríà ìlú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ dán ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wọn wò.

Ní ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ìlà kan lórí abẹ́rẹ́. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa gún un. Káàdì Bruno wà nínú dúrọ́ọ̀, àmì tó kẹ́yìn lórí rẹ̀ sì ti lé lọ́dún kan ààbọ̀. Àrùn tó tìtorí rẹ̀ bínú sí Amẹ́ríkà náà ni. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí dìgbòlugi mú láyé, ó tó 99 tó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Bó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn la ti ń lé e: kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibi tí ajá gé jẹ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ gbogbo èyí, wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì. Òun ló rí káàdì náà, òun ló ya fọ́tò rẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí Houston lórí WhatsApp. Èsì tó rí gbà ni: "Ṣé ó ti jẹun?"

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Houston jẹ́ aago mẹ́ta òru n'Ìjerò, aago mẹ́sàn-án sì ni Bàbá Bruno máa ń jẹun alẹ́ tán, tí àárò ajá á sì mú un. Fóònù á dún. Kí ọmọ dìde, kó gbé fóònù lọ síbi tí Bruno sùn sí, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, kí Dádì lè rí i pé ó ń sùn dáadáa. Ajá á jí. Á gbó. Àdúgbò á jí. "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀!" ni Bàbá Bruno á máa sọ fún àwọn àna rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. "Ó mọ̀ pé èmi ni."

Mi ò sọ pé kò fẹ́ràn ajá náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti rí òun àti Bruno lójú ọ̀nà Ìpotì ní ìdájí, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ìṣèlú, ojú rẹ̀ sì tutù ju bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ èèyàn. Olè náà sì wà, ilé tí wọ́n bá mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń ká fèrèsé rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òun ló nífẹ̀ẹ́, ẹlòmíì ló ń jí lóru.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Àrámọkọ, nínú ilé ẹbí, ó ti ń súnmọ́ 90 ọdún. Ewúrẹ́ ni ìyá yìí fi rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ewúrẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Àgbàsìn ni. Ẹni tó ní á fa abo ewúrẹ́ kan lé ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Onítọ̀hún á máa já ewé fún un, á máa fún un ní èèpo iṣu, á dúró tì í lóru ọjọ́ tó bá ń rọbí. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in bí wọ́n bá ṣe fẹnu kò sí: eléyìí tolówó, èyí tẹni tó sìn ín. Kí ìjọba Adékúnlé Ajásin tó dé ní 1979 sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kó tó wá sọ girama di ọ̀fẹ́, ìpín bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ń tà san owó ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá Bruno kì í gbàgbé ìtàn yìí. Gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì ń sunkún sí i. Kò tíì sọ ọ́ débi ìpín rí. Bruno gan-an ò sì ní nǹkan kan tí èèyàn lè pín: wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní Àbújá kó má baà máa rìn kiri.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pe ìyá náà láti Houston, lẹ́yìn tó bá ti rí Bruno tán. "Ajá ọ̀ún, ulé ta ló wà?" ni màmá béèrè. "Ṣé ó rí nǹkan jẹ?" Ó dáhùn, ó ṣàlàyé, ó sọ bí bísíkíìtì ṣe ń ṣara lóore àti irú èyí tí ń mú irun dán. Màmá ń dúró kó bi òun náà bóyá òun ti jẹun. Nínú àlọ́ tó pa fún un ní kékeré, lásìkò ìyàn tí àwọn ẹranko ń pa ìyá wọn jẹ, ẹnìkan ló gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sójú ọ̀run tó sì dá a sí. Ajá ni.

Bàbá Bruno dé. Ó kó ẹ̀wù òtútù bọ̀ fún Bruno, sínú oòrùn Ìjerò. Fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ó mú ìbọ̀sẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n fún un nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó pe ajá náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ajá ń wò ó. Ó da bísíkíìtì sílẹ̀, ajá kọjú sí ògiri. Ara rẹ̀ ò yá! Kíá, ó ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láti Adó. Dókítà wọn ajá, ó la ẹnu rẹ̀, ó tẹ inú rẹ̀ wò. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, sà. Ó sanra díẹ̀ ni. Ṣé iyán ni?" Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Dókítà béèrè káàdì, ó wò ó, ó wo Bàbá Bruno, ó sì gún ajá lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa súnmọ́, London ló kàn. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní wọ́n ti pín òun lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìdó fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, ó sì ti di ẹrù rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Bàbá Bruno wá pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń tajà ní Ẹ̀fọ̀n.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ gbé e wá, kò sí wàhálà rárá. Ṣebí iṣẹ́ àgbàsìn ni màmá wa fi tọ́ wa, mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ó ṣeun, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní já mi kulẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ìpín nìkan ló kù, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kò lè bímọ. Ṣé itan rẹ̀ ni màá wá mú ni, àbí orí?"

Bàbá Bruno gé ìpè. Kò tó wákàtí kan tó fi pe ilé-ajá Èkó yẹn padà, ó ní kí wọ́n tún iye òru kan sọ fún òun, díẹ̀díẹ̀, àti pé ṣé wọn ò lè bá òun yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.