Bí A Ṣe Ń Gbin Kóró Èso Tí Kò Fi Ní Hù

Jẹ máńgòrò rẹ tán, kí o ju kóró rẹ̀ sórí páànù. Sá a dáadáa. Ṣebí a máa ń sá àgbàdo àti ẹ̀wà ká tó tọ́jú wọn, kí ló wá dé tí ti máńgòrò yóò fi yàtọ̀? Òótọ́ ni pé kóró máńgòrò kì í fara da gbígbẹ: bó bá ti gbẹ tán, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti kú nìyẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló sì ní lẹ́yìn tí a bá jẹ èso náà. Ta ló bi wọ́n? Fi pamọ́ de òjò ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn aláṣejù kan a máa fi ọ̀bẹ la èèpo líle náà, wọn a rọra yọ hóró inú rẹ̀, wọn a gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí róbótó kọjú sókè. Wọ́n ní ó ń yá hù bẹ́ẹ̀, pé ọrùn rẹ̀ kì í lọ́ nínú ilẹ̀. Ìwọ rì í mọ́lẹ̀ tèèpo-tèèpo, kó jìn dé ìgúnpá. Bó bá wù ú, á wá ọ̀nà jáde.

Hóró ìbẹ́pẹ ní awọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan tí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi iyanrìn bó o, á fomi ṣàn án. Má da ara rẹ láàmú. Bó bá di ọjọ́ kẹta, hú u wò. Lójoojúmọ́ ni o. (Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló ń gbà, àmọ́ onísùúrù ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún.)

Ilẹ̀ ńkọ́? Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, tó ṣì ń gbóná. Rọ ọ́ kún ọ̀rá dúdú, má sì lu ihò sí ìdí ọ̀rá náà. Bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣorí kunkun hù, ìdí rẹ̀ á rà, á wó mọ́jú. Omi àpọ̀jù ló ṣe é, ṣùgbọ́n aládùúgbò tó kí ọ pé “ẹ kú iṣẹ́ o” lánàá ni kí o fura sí.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, gbé e láti abẹ́ ibòòji sínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn, NIHORT, tó ti ń ṣèwádìí èso àti ewébẹ̀ láti 1975. Má débẹ̀ o. Wọ́n á sọ fún ọ bó ṣe ń hù.