Bob, Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Ẹni tí a bí ní Láfíàjí, tí ó dàgbà sí àárín Òkè-Súnà àti Ọbáléǹdé, tí ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà King's College kọjá lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kì í ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí èdè Òyìnbó yóò fi ojú wọn rí màbo. Èkó akété, ilé ọgbọ́n, ni wọ́n ń ki ìlú wa. Ọmọ rẹ̀ a sì máa gbà pé ọ̀rọ̀ tí òun kò bá tíì gbọ́, ọkọ̀ tí ó gbé e ni kò tíì gúnlẹ̀. Nínú pálọ̀ ìyá mi, tábìlì ń bẹ, síbí àti fọ́ọ̀kì ń bẹ, búrẹ́dì àti ṣúgà kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Bí a bá yà sí Pópó Àgùdà ní ọjọ́ Ẹtì Rere, a óò jẹ fùrẹ́jọ̀n ní àjẹyó láìbéèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ àlejò tí ó bá wọ Èkó, a óò fún un ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, a óò sì sọ ọ́ di ọmọ ilé.

Nítorí náà, nígbà tí mo wọ ọkọ̀ Aureol ní Àpápá ní 1956, tí a forí lé Liverpool, tí àwọn ẹbí mi ń fi ìdikù nu omijé lórí èbúté, èmi kò fòyà. Mo ti ka Royal Reader títí ó fi já lẹ́yìn, ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ó wúwo bí ọlọ sì wà nínú pọ́tímántò mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òyìnbó inú ìwé àti òyìnbó inú ilé, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, wọn kì í kí ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé Lọ́ńdọ́nù, obìnrin tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì pè mí ní olólùfẹ́ rẹ̀. Mo tún táì mi ṣe. Kí a tó dé ibùdókọ̀ kejì, ó ti pe bàbá arúgbó kan tí kò léyín lẹ́nu ní olólùfẹ́, ó sì ti pe ọmọ ilé ìwé mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú; ìgbà náà ni mo rántí pé kò sí alákàrà kan ní Láfíàjí tí kò pe èmi náà ní ọkọ rẹ̀ rí, kí n tó mọ bí a ti ń so okùn ṣòkòtò.

Èyí kéré. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá onílé mi, opó àgbàlagbà kan, ní kí n bá òun ru ẹrù ọjà. Bí a ti ń bọ̀, ó dúró lójijì, ara ń ni ín, ó ní òun fẹ́ lọ ná kọ́bọ̀ kan. Mo wò ó títí, mo ní owó ni ó tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó lè tọrọ. Ta ni a óò bí sí Láfíàjí, tí yóò máa wòran tí ẹni tí ó tó ìyá rẹ̀ bí yóò máa wá kọ́bọ̀ kiri láàárín ìgboro? Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo fa odidi ṣílè kan yọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo ní, “Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ná gbogbo rẹ̀.” Ojú obìnrin náà pọ́n bí ata rodo. Ilé ìgbọnsẹ̀ ẹ̀bá títì ni ó ń wá, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí nígbà náà àfi bí a bá ju kọ́bọ̀ kan sí i lẹ́nu. Òyìnbó kì í sì í dárúkọ ohun tí ó ń lọ ṣe níbẹ̀, owó oníbodè ni ó ń dárúkọ. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rántí pé àwa tí a ń sọ pé a fẹ́ lọ gbọnsẹ̀, ta ni ó rí ẹsẹ̀ tí a ń gbọn níbẹ̀ rí?

Nígbà tí ó yá, akọ̀wé obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun yóò fún mi ní “ring” ní ọjọ́ Ajé. Òrùka ni èmi gbọ́. N kò sùn. Mo mọ̀ pé nílé wa ọkùnrin ni ó ń wá ìyàwó, ṣùgbọ́n mo ní bóyá bí wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín nìyí. Mo kọ ìwé sí ìyá mi kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì ti jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó pé, tí tẹlifóònù orí tábìlì mi dún, tí ọmọbìnrin náà sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rí fáìlì òun. Nígbà tí èsì ìyá mi yóò fi dé, ó ti yan aṣọ ẹbí.

Ti Bob ni ó wá borí gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ òtútù kan, tí eyín mi ń lu ara wọn bí agogo olójà, ọkùnrin tí a jọ ń gbé ilé kọ́ mi bí a ti ń tan iná gáàsì inú yàrá. Ó ní kí n ki ṣílè kan bọ ihò ẹ̀rọ rẹ̀, kí n yí i, kí n ṣáná sí i, “and Bob's your uncle.” Ọjọ́ kẹta sí i ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé “bob” ni àwọn mẹ̀kúnnù ìlú náà ń pe ṣílè. Mo jókòó ti iná, mo ń wo ẹ̀rọ tí ó gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi mì. Tàbí àbúrò ìyá mi ni? Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀, nítorí ìkòkò kan ṣoṣo ni Òyìnbó da gbogbo wọn sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé bàbá mi kò ní ẹ̀gbọ́n tí ń jẹ́ Bob, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́; ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ọ̀ràn ti bùṣe lọ.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925. Ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ bi mí léèrè pé, “Àbúrò, ǹjẹ́ o mọ ohun tí Àjàyí Crowther ṣe nígbà tí ó tún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1843 tẹ̀ jáde ní 1852? Òwe ni ó kó wá ṣe ẹlẹ́rìí fún ọ̀rọ̀. Bàbá náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá bá nínú ilé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a mọ̀.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ti ìwé atúmọ̀ mi sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń wo ojú àwọn tí ń sọ̀rọ̀. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, aládùúgbò kan ti sọ fún mi rí pé mo gbọ́dọ̀ wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ kan, mo sì fa lẹ́ẹ̀dì àti ìwé yọ, mo ní ọjọ́ wo? Ojú rẹ̀ dá wáí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá bá wa nídìí oúnjẹ ní Láfíàjí, tí a ní, “Ẹ wá jẹun,” ó mọ̀ pé “Á gba ibi ire” ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́, tí ó sì jókòó ti àwo, ilé wọn ni kò kọ́ ọ.

Ní 1961 ni mo padà. Ìyá mi ní kí n bá òun wo sítóòfù tí ó kọ̀ tí kò jó. Mo nu òwú rẹ̀, mo ṣáná sí i, ó gbiná, mo sì fi ẹnu Òyìnbó sọ pé Bob ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì tú u fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi fi ọwọ́ lérán, ó ronú lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ láti orí àgbà dé orí ọmọdé, ó mi orí.

Ó ní, “Irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lóòótọ́, èló ni ó dá níbi ìsìnkú bàbá rẹ?”